Ìwé Ilé Harlem

Láti ọdún 1969 ni àwọn onílù ti máa ń pàdé ní Marcus Garvey Park, ní àárín gbùngbùn Harlem, nílùú New York. Nígbà ooru, bí ọjọ́ Sátidé bá ti ń rọ̀, wọ́n á gbé kóńgà àti jẹ́ńbé jáde, wọ́n á sì máa lù ú títí ilẹ̀ á fi ṣú pátápátá. Ọmọ Harlem wà nínú wọn, ọmọ Áfíríkà náà wà níbẹ̀. Nígbà tó yá, ilé fúláàtì olówó ńlá kan dìde sẹ́gbẹ̀ẹ́ páàkì náà. Àwọn tó ra fúláàtì níbẹ̀, tí òyìnbó ọ̀dọ́ pọ̀ nínú wọn, ní ìlù kò jẹ́ kí àwọn sinmi nínú ilé tí àwọn fi owó rà, ni wọ́n bá ń pe ọlọ́pàá. Nígbà tó fi máa di 2008, ìwé ìròyìn ti gbé e, àwọn aláṣẹ sì ti sún àwọn onílù kúrò níbi tí wọ́n ń jókòó sí lọ sí apá ibòmíràn nínú páàkì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, ló dá ilé ẹ̀kọ́ ìlù àti ijó Áfíríkà sílẹ̀ ní 125th Street, òpópónà tó jẹ́ ọjà àti ojúde Harlem. Ibẹ̀ ni John Coltrane, ògbóǹtarìgì afọnfèrè jáàsì, ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn eré tó ṣe kẹ́yìn láyé, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin ọdún 1967. Kò tó oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà tó kú. Harlem kan náà ni Oseijeman Adefunmi, adúláwọ̀ tí wọ́n bí sí Detroit, ti dá tẹ́ḿpìlì òrìṣà Yorùbá sílẹ̀ ní 1960, kí òun àti àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ tó lọ tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó ní South Carolina ní 1970. Ẹni tó bá pe ìlù ní àlejò ní Harlem, a jẹ́ pé kò bi ẹnikẹ́ni léèrè kí ó tó sanwó ilé.

Bí ènìyàn bá gbọ́ irú ìjà báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé òyìnbó ti dé, wọ́n ti fẹ́ lé aládùúgbò. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìjà ìlù àti oorun, apá ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ni. Harlem ti jẹ́ olú-ìlú àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà lójú gbogbo ayé, nínú orin, nínú ìwé, nínú òṣèlú. Nínú ìwé ilé, ìyẹn ìwé tó ń sọ ẹni tó ni bíríkì àti ilẹ̀, díẹ̀ ni adúláwọ̀ ní níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni n óò gbé àlàyé mi gbà, nítorí ẹni tó bá fi àwọ̀ nìkan ka ìtàn yìí kò ní mọ ìdí tí àwọn kan fi lọ tí àwọn kan sì fi wà níbẹ̀ títí di òní.

Àwọn ará Netherlands ló tẹ ibẹ̀ dó ní 1658, tí wọ́n fi orúkọ ìlú wọn kan pè é. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, oko ni. Láti nǹkan bí 1880 ni àwọn oníṣòwò ilé gbọ́ pé rélùwéè ń bọ̀, ni wọ́n bá ń fi ìkánjú kọ́lé: ilé alájà mẹ́ta mẹ́rin, tí wọ́n fi òkúta pupa rúsúrúsú ṣe ojú rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ara wọn láti ìkángun òpópónà kan dé ìkejì. Òyìnbó olówó ni wọ́n ń wò lọ́nà. Wọ́n kọ́ ọ kọjá bó ṣe yẹ. Nígbà tí rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ fi dé Lenox Avenue ní 1904, ilé ti pọ̀ ju ayálégbé lọ, gbèsè báńkì sì ti wọ ọ̀pọ̀ onílé lọ́rùn.

Philip Payton rí àyè níbẹ̀. Adúláwọ̀ ni, aájẹ́ǹtì ilé ni iṣẹ́ rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bí ilẹ̀kùn ṣe ṣí fún òun: onílé méjì tí wọ́n jẹ́ òyìnbó ní aáwọ̀, ni ọ̀kan bá kó ilé rẹ̀ fún Payton pé kó kó adúláwọ̀ kún un, kí inú ìkejì lè bàjẹ́. Ìlara òyìnbó sí òyìnbó ló fún adúláwọ̀ ní kọ́kọ́rọ́ àkọ́kọ́! Ní 1904 ni Payton dá ilé iṣẹ́ Afro-American Realty sílẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ òyìnbó kan ra ilé ní 135th Street láti lé àwọn adúláwọ̀ tó ń gbé inú rẹ̀ jáde, Payton ra àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó lé òyìnbó inú wọn, ó sì kó àwọn tí wọ́n lé wọlé. Ilé iṣẹ́ náà kò ju ọdún 1908 lọ tó fi wó, ṣùgbọ́n ohun tó bẹ̀rẹ̀ kò dúró mọ́. Ní 1911, ṣọ́ọ̀ṣì St. Philip's, ìjọ adúláwọ̀, ra odindi ilé mẹ́wàá ní òpópónà yìí kan náà ní 640,000 dọ́là. Àwọn onílé òyìnbó kọ ìwé àdéhùn láàárín ara wọn pé àwọn kò ní tà fún dúdú, àwọn kò ní yá a nílé. Ọ̀gá wọn kan tilẹ̀ dámọ̀ràn pé kí wọ́n mọ ọgbà tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 24 sí 136th Street láti fi pààlà. Ìwé àdéhùn kò bọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ ṣófo. Ọ̀kan tà, ìkejì tẹ̀ lé e, àwọn tó kù sá.

Ní 1910, adúláwọ̀ kò ju ìdá 10 nínú 100 lọ ní àárín Harlem. Ní 1930 wọ́n ti di ìdá 70. Ní 1950 wọ́n ti tó ìdá 98. Àwọn tó ń sá fún ìyà àti ìpànìyàn ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ará Jàmáíkà, Barbados àti erékùṣù mìíràn sì dara pọ̀. Ọdún ogójì péré ni àdúgbò fi yí àwọ̀ padà, nítorí náà kò sí ohun tuntun nínú pé kí ẹ̀yà kan kó lọ kí òmíràn kó dé. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí àwọn tó lọ rí gbé dání. Òyìnbó tó kúrò ní Harlem lè gba owó báńkì kọ́lé síbòmíràn, láìpẹ́ ìjọba àpapọ̀ yóò tilẹ̀ ṣe onídùúró fún un. Adúláwọ̀ tó bá kúrò ní Harlem, níbo ló fẹ́ lọ?

Àwọn onílé mọ̀ pé kò níbi tó ń lọ. Owó ilé ní Harlem wọ́n ju ti òyìnbó tó ń gbé irú ilé kan náà lọ níbòmíràn nínú ìlú. Fúláàtì tí wọ́n kọ́ fún ìdílé kan ni ìdílé méjì mẹ́ta ń há mọ́. Àríyá alẹ́ Sátidé tí gbogbo ayé fi mọ Harlem nígbà náà, tí dùùrù ń dún tí wọ́n ń ta ẹja díndín, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọgbọ́n láti rí owó ilé san: ẹni tó ń gbé inú fúláàtì ló ń gba owó ẹnu ọ̀nà, kí ọjọ́ tó pé onílé má bà á lára. A ti sọ ọ́ di eré nínú ìwé ìtàn. Mo rò pé ẹni tó pè é ní eré nìkan kò tíì jẹ onílé ní gbèsè rí.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan tó burú jù ṣẹlẹ̀, orí tábìlì nínú ọ́fíìsì sì ni gbogbo rẹ̀ ti wáyé. Láàárín ọdún 1930 sí 1940, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan tó ń rí sí gbèsè ilé ya máàpù àwọn ìlú ńlá, wọ́n sì fi ọ̀dà pín wọn sí ìsọ̀rí mẹ́rin. Pupa ni àmì ibi tí ewu owó wà. Pupa ni wọ́n kun Harlem. Ilé iṣẹ́ FHA, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 1934 láti máa ṣe onídùúró fún ẹni tó fẹ́ yáwó kọ́lé, kọ ọ́ sínú ìlànà rẹ̀ pé àdúgbò tí ẹ̀yà bá ti dàpọ̀, ewu ni. Wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí fún tíṣà adúláwọ̀ kan, tó ń gba owó oṣù, tó sì fẹ́ ra ilé tó ń gbé: báńkì kò ní yá a, kì í ṣe nítorí pé kò lè san, bí kò ṣe nítorí ibi tí ilé náà wà. Onílé tó fẹ́ tún òrùlé ṣe náà kò ní rí owó yá. Ilé tí a kò tún ṣe fún ogójì ọdún, a mọ ohun tó máa dà. Òfin tó ka irú ìyàsọ́tọ̀ yìí léèwọ̀ kò dé àfi 1968. Nígbà tó fi dé, àwọn adúláwọ̀ tí owó wà lọ́wọ́ wọn rí ọ̀nà jáde, wọ́n sì jáde. Àwọn tí kò ní ló ṣẹ́ kù.

Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé e fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àdúgbò náà. Ní 1970, àárín Harlem ní nǹkan bí 159,000 ènìyàn. Ní 1980 ó kù bíi 105,000. Ìjọba ìlú New York fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ gbèsè tán ní 1975, wọ́n sì dín owó panápaná àti owó ìmọ́tótó kù. Onílé tó rí i pé owó tó ń wọlé kò tó owó-orí tó ń san dẹ́kun sísan. Ó dẹ́kun ríra epo bọ́ílà, omi dì nínú páìpù lásìkò òtútù, páìpù bẹ́. Àwọn kan dáná sun ilé wọn láti gba owó inṣọ́ránsì. Láti 1977, òfin sọ pé ilé tí wọn kò bá san owó-orí rẹ̀ fún ọdún kan, ìjọba ìlú lè gbà á. Kò pẹ́ tí ìjọba fi di onílé tó tóbi jù ní Harlem, láìfẹ́, pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ilé tí fèrèsé wọn ti di pákó.

Àwọn ènìyàn ṣì ń gbé inú púpọ̀ nínú ilé wọ̀nyẹn. Kò sí onílé, kò sí iná, wọn kò sì lọ. Wọ́n dá owó jọ ra epo, wọ́n gbá àtẹ̀gùn, wọ́n tún bọ́ílà ṣe, wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí àwọn tó ń ta oògùn olóró má bàa gba ilé. Ìyá àgbà ló pọ̀ nínú àwọn aṣáájú wọn.

Neil Smith, onímọ̀ jẹ́ọ́gíráfì, ṣàlàyé ní 1979 ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí irú àdúgbò bẹ́ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi gbé ìwádìí rẹ̀ dé Harlem. Ó ní kí a wo owó méjì: owó tí ilẹ̀ kan ń mú wọlé báyìí, àti owó tí ilẹ̀ náà ìbá mú wọlé bí a bá tún un ṣe, tí a sì kó ẹlòmíràn sí i. Bí a bá ti ń fi àdúgbò sílẹ̀ láìtún ṣe, owó àkọ́kọ́ ń wálẹ̀, ìkejì ń gòkè nítorí ìlú tó yí i ká ń lówó. Bí àlàfo àárín wọn bá ti fẹ̀ tó, owó yóò rọ́ wọlé fúnra rẹ̀. Harlem wà ní òkè Central Park gan-an; rélùwéè abẹ́ ilẹ̀ yóò gbé ọ dé àárín ìlú kí tíì rẹ tó tutù; ilé olókùúta rẹ̀ ṣì ní àtẹ̀gùn pákó gbígbẹ́ àti àjà gíga tí kò sí ẹni tó ń kọ́ irú rẹ̀ mọ́. Àdúgbò tí wọ́n kun ní pupa ti wá di ibi tí èrè pọ̀ sí ní Manhattan. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ bó ṣe rí: ìyà tó jẹ Harlem ni èrè náà.

Ìjọba ló kọ́kọ́ da owó síbẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ilé wà. Ní 1986, Méyọ̀ Koch kéde ètò ọlọ́dún mẹ́wàá láti tún ilé tí ìjọba gbà ṣe, èyí tó ná ọ̀kẹ́ àìmọye dọ́là, ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù sì rí ilé gbé nípasẹ̀ rẹ̀. N kò ní fi ìyẹn pamọ́. Ní 1994, ìjọba àpapọ̀ ya òkè Manhattan sọ́tọ̀ fún ìrànwọ́ òwò, ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìlú fi tiwọn kún un, ó sì di 300 mílíọ̀nù dọ́là. Lọ́dún yẹn kan náà, ní oṣù kẹwàá, Méyọ̀ Giuliani kó àwọn ọlọ́jà ẹ̀gbẹ́ títì kúrò ní 125th Street. Ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà àti ọmọ Áfíríkà mìíràn pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń ta aṣọ, ère, ọṣẹ dúdú àti òróró àgbọn. Wọ́n ní kí wọ́n lọ sí 116th Street. Ọjà ẹ̀gbẹ́ títì lọ, ọjà onígíláàsì dé: Starbucks ní 1999, ilé ìtajà alájà púpọ̀ Harlem USA ní 2000, ọ́fíìsì Bill Clinton ní 2001 lẹ́yìn tó fi ipò ààrẹ sílẹ̀. Nígbà tí Clinton dé, àwọn ará àdúgbò kọrin, wọ́n jó. Mélòó nínú wọn ló mọ ohun tí owó ilé yóò dà lẹ́yìn ijó náà?

Ibi tí ó yẹ kí a ti rọra ni ọ̀nà tí owó ilé fi ń lé ènìyàn, nítorí kì í ṣe katakata ni wọ́n fi ń lé e. Ní New York, òfin wà tó ń dáàbò bo ayálégbé nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́: ìgbìmọ̀ kan ló ń sọ iye tí onílé lè fi kún owó ilé lọ́dọọdún, ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti tún ìwé rẹ̀ ṣe níwọ̀n ìgbà tó bá ń san. Láàárín 1993 sí 1997, àwọn aṣòfin ti lu òfin yìí jálu. Nígbà náà, bí ayálégbé bá kó jáde, onílé lè fi nǹkan bí ìdá 20 kún owó ilé fún ẹni tuntun. Bí ó bá tún ìdáná ṣe, ó lè fi ìdá kan nínú 40 iye tó ná kún owó ilé oṣooṣù, títí ayé. Bí owó náà bá ti kọjá 2,000 dọ́là lóṣù, fúláàtì náà bọ́ kúrò lábẹ́ òfin, iye tó bá wu onílé ló kù.

Ka òfin yẹn bí oníṣòwò, wàá rí i pé ayálégbé tó ti pẹ́ nínú ilé ti di àdánù, ẹni tó bá kó jáde sì ti di èrè. Onílé tí kò ní ìkà nínú rárá yóò máa wojú ọ̀nà. Èyí tó níkà yóò gbàgbé láti tan bọ́ílà, yóò máa pe ìyá àgbà lẹ́jọ́ ní kóòtù lórí owó tó ti san, yóò bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe tí eruku rẹ̀ kò ní tán, tàbí kí ó nawọ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là mélòó kan sí i pé kó gbà kó sì máa lọ. Òmíràn gbà á. Owó náà pọ̀ lójú títí yóò fi wá ilé mìíràn láàárín ìlú tí kò ní rí i.

Riverton ni àpẹẹrẹ tó mọ́ jù tí mo mọ̀. Ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì MetLife ló kọ́ ọ ní 1947, fúláàtì tó ju 1,200 lọ, fún àwọn adúláwọ̀, nítorí pé wọn kò gba adúláwọ̀ láyè ní Stuyvesant Town tí wọ́n ń kọ́ nísàlẹ̀ ìlú. Àwọn akọ̀wé, nọ́ọ̀sì, tíṣà àti awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ń gbé ibẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀. David Dinkins, tó di méyọ̀ adúláwọ̀ àkọ́kọ́ ní New York, gbé ibẹ̀ rí. Ní 2005, àwọn olówó ilé kan rà á. Kò pẹ́, wọ́n fi ṣe ìdógò, wọ́n yá 225 mílíọ̀nù dọ́là. Owó ilé tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ń san kò lè san èlé gbèsè yẹn láéláé, ayáwó mọ̀, ayánilówó náà mọ̀. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìṣirò ni pé láàárín ọdún mélòó kan, nǹkan bí ìdajì àwọn fúláàtì náà yóò ti bọ́ lábẹ́ òfin. Lórí bébà, nọ́ọ̀sì tó ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní Riverton lálẹ́ ọjọ́ yẹn ti kó jáde, owó tí ẹni tó rọ́pò rẹ̀ yóò san ni wọ́n ti yá. Ṣùgbọ́n àwọn ará Riverton kò kó jáde. Wọ́n gba lóyà, wọ́n jókòó. Ní 2010, gbèsè gba ilé náà lọ́wọ́ àwọn tó rà á. Nígbà tí wọ́n bá ń bi mí pé kí ló dé tí owó ilé fi ń ga ṣáájú kí olówó tó dé, Riverton ni mo máa ń tọ́ka sí. Iye tí wọ́n rà á ló ti pinnu irú ẹni tó gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀. Ní 2019 ni àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ tó dí ihò tí wọ́n lu sínú òfin ayálégbé, nígbà tí omi tó gba ibẹ̀ jáde ti di odò.

Ní ti onísọ́ọ̀bù, kò tilẹ̀ sí òfin kankan tó bò ó. Bobby Robinson ṣí ilé ìtajà rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ní 125th Street ní 1946, nígbà tí adúláwọ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Ní oṣù kìn-ín-ní 2008 ni wọ́n tì í pa. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa kọ́ ilé gíga ní 125th Street. Lenox Lounge, tí àwọn olórin jáàsì ti ń ṣeré láti 1939, tì ní ìparí 2012, wọ́n sì wó o lulẹ̀ ní 2017. Ọdún 2017 yẹn ni sùpámákẹ́ẹ̀tì Whole Foods ṣílẹ̀kùn ní ìkòríta 125th Street àti Lenox. Lọ́dún yẹn náà ni àwọn aájẹ́ǹtì kan ń pe apá ìsàlẹ̀ Harlem ní SoHa, kí orúkọ Harlem má bàa dẹ́rù ba oníbàárà. Àwọn ará àdúgbò figbe ta, àwọn olóṣèlú sì dá sí i. Ẹni tó fẹ́ jogún ilé tí kò fẹ́ jogún orúkọ!

Mo fẹ́ fa ọ̀rọ̀ sẹ́yìn díẹ̀ níbi yìí, nítorí ìròyìn tó ń lọ káàkiri pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ju ẹrù ènìyàn síta kò bá ìwádìí mu tán. Lance Freeman, ọ̀mọ̀wé adúláwọ̀ tó kọ ìwé ní 2006 lórí Harlem àti Clinton Hill, àdúgbò mìíràn ní New York, rí i pé mẹ̀kúnnù tó ń gbé àdúgbò tí owó ń wọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ kó jáde ju mẹ̀kúnnù tó ń gbé àdúgbò mìíràn lọ. Mẹ̀kúnnù níbi gbogbo ló ń kó kiri. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó ń wọlé lẹ́yìn wọn: tẹ́lẹ̀, mẹ̀kúnnù lọ, mẹ̀kúnnù dé, nísinsìnyí, ẹni tó bá lọ, ẹni tí owó tó ń gbà tó ìlọ́po owó tirẹ̀ ló ń dé. Àdúgbò á wá yí padà láàárín ogún ọdún láìsí ẹni tó rí ọjọ́ tó yí. Àwọn tí Freeman bá sọ̀rọ̀ kò sì kórìíra gbogbo àyípadà náà. Inú wọn dùn pé àwọn rí ewébẹ̀ tútù rà láìwọ rélùwéè, pé ìró ìbọn ti dín kù. Ohun tó ń bí wọn nínú ni pé àwọn ti béèrè fún sùpámákẹ́ẹ̀tì fún ogún ọdún, kò dé àfìgbà tí òyìnbó ń bọ̀.

Adúláwọ̀ náà sì wà lára olówó tó wọlé. Lóyà, dókítà, òṣìṣẹ́ báńkì, àwọn tí òbí wọn sá kúrò ní Harlem, ló kọ́kọ́ padà wá ra ilé olókùúta láti bíi 1980 síwájú, ọ̀pọ̀ wọn nítorí ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ìtàn ibẹ̀. Iye tí wọ́n ń san gbé iye ilé sókè fún gbogbo ènìyàn, òyìnbó ìbáà máà tíì dé. Lódìkejì, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní ilé ló tà á fúnra rẹ̀: ilé tó rà ní owó táṣẹ́rẹ́ ti di mílíọ̀nù dọ́là, ó tà á, ó sì padà sí Carolina tàbí Georgia níbi tí bàbá rẹ̀ ti sá wá. Láàárín 2000 sí 2020, iye adúláwọ̀ ní New York dín kù ní nǹkan bí 200,000. Ta ló fẹ́ bá ìyá ẹni ọgọ́rin ọdún jà pé kí ló dé tó fi tà? Ní àárín Harlem fúnra rẹ̀, adúláwọ̀ tó jẹ́ bíi ìdá 77 nínú 100 ní 2000 ti di bíi ìdá 62 ní 2008, bẹ́ẹ̀ àpapọ̀ èrò àdúgbò náà ń pọ̀ sí i ni.

Nígbà náà, àwọn wo ló kù? Bí o bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, àwọ̀ kọ́ ló ń pinnu ẹni tó kù, iye owó tó ń wọlé fún ènìyàn gan-an kọ́. Àwọn tí nǹkan kan ń dáàbò bo ilé wọn ni. Àwọn tó ń gbé ilé ìjọba wà níbẹ̀, nínú àwọn ilé gíga bíríkì pupa bíi St. Nicholas Houses àti Polo Grounds Towers, níbi tí wọ́n ti ń san owó ilé ní ìbámu pẹ̀lú owó tó ń wọlé fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ agbéniròkè ń bàjẹ́ tí omi sì ń jò. Àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tó ra ilẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ kò wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ tó ti kó lọ sí New Jersey ní láti wakọ̀ wá jọ́sìn, agbọn ìdáwó ń fúyẹ́, àwọn ìjọ kan sì ti ta ilẹ̀ wọn fún akọ́léta.

Àwọn mìíràn tó tún wà níbẹ̀ ni àwọn tó tún bọ́ílà ṣe nígbà tí onílé sá. Ní 1978, ìjọba ìlú bẹ̀rẹ̀ ètò kan: bí àwọn tó ń gbé inú ilé tí ìjọba gbà bá lè fi hàn pé àwọn mọ̀ ọ́n ṣàkóso, wọ́n lè rà á, kí fúláàtì kọ̀ọ̀kan di ti ẹni tó ń gbé inú rẹ̀. Iye fúláàtì kan nígbà náà jẹ́ 250 dọ́là. Harlem kún fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Lójú mi, kò sí ohun tí New York ṣe fún adúláwọ̀ mẹ̀kúnnù tó tó o, bẹ́ẹ̀ sì ni kò ju pé kí wọ́n fún wọn ní ìwé ohun tí wọ́n ti gbà là tán. Owó ilé ga, kò kàn wọ́n. Onílé fẹ́ lé ènìyàn, àwọn fúnra wọn ni onílé.

Ìṣòro tiwọn yàtọ̀. Òfin ilé wọ̀nyí sọ pé ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò kọjá iye kan ló lè rà á, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ wọn kò sọ iye tí olùtà lè gbà. Ẹni tó ń rà á lónìí máa ń jẹ́ ọ̀dọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kéré nítòótọ́, tí òbí rẹ̀ sì lè san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún mélòó kan dọ́là lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àwọn tó ni ilé ní láti pàdé, kí wọ́n dìbò: ṣé kí wọ́n fi gbèdéke sí iye títà, kí ilé lè wà fún mẹ̀kúnnù, àbí kí olúkúlùkù ta tirẹ̀ ní iye tí ọjà bá sọ? Òrùlé ń jò, owó tó wà nínú àpò ẹgbẹ́ kò tó, ìdá tí ẹgbẹ́ ń gbà nínú owó títà sì ni wọn ìbá fi tún un ṣe. Ìyá tó ti ń gbé ibẹ̀ láti 1975 ní ìbò kan, ó lè fẹ́ kí gbèdéke wà. Ọmọkùnrin tó jogún fúláàtì ìyá tirẹ̀ ní àjà kejì, tó ń gbé Atlanta, tó sì ní owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ láti san, ní ìbò kan náà.